Bí A Ṣe Ń So Páìpù Rọ́bà Omi Pọ̀ Nínú Ilé

Ìbéèrè: Yan iṣẹ́ kan tí ó jẹ mọ́ ìtọ́jú ilé, kí o sì ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Omi kò lọ́tàá. Tọmọdé-tàgbà ni ó mọ èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ilé lè sọ omi tí ó mọ́ di ọ̀tá ẹni tí ó ń mu ún. Bí o bá ṣí ẹ̀rọ omi nínú ilé ìdáná, tí omi sì ń dà, kì í ṣe inú ẹ̀rọ náà ni omi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti rìn nínú páìpù láti orí táńkì, tàbí láti ẹnu kànga, tàbí láti ojú títì níbi tí páìpù ìjọba gbà. Gbogbo ibi tí páìpù kan bá parí sí tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ni oríkèé wà. Ara páìpù kì í sábà yọ ènìyàn lẹ́nu. Oríkèé ni ó ń yọni lẹ́nu. Oríkèé páìpù rọ́bà dúdú tí ó ṣe é tẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ: bí a ṣe ń so ó tí kò fi ní jò, àti ìdí tí jíjò rẹ̀ fi ju ọ̀rọ̀ omi tí ó ṣòfò lọ.

Páìpù irin ni ó wọ́pọ̀ ní ilé àwọn bàbá wa. Irin le, ṣùgbọ́n a máa dípẹtà. Bí ó bá pẹ́, omi pupa ni yóò máa dà nínú ẹ̀rọ, inú páìpù yóò sì máa há sí i títí omi kò fi ní rí àyè kọjá dáadáa. Rọ́bà kì í dípẹtà. Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, ṣèèṣì rí irú rọ́bà yìí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ní Winnington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Polyethylene ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1953, Karl Ziegler ní ilẹ̀ Jámánì rí ọ̀nà tí a fi lè ṣe èyí tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ni a fi ń ṣe láílọ́ọ̀nù tí a fi ń di ọjà, òun náà ni a fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọnmi. Dúdú tí páìpù náà dú kì í sì í ṣe fún ẹwà. Èédú lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n pò mọ́ ọn kí oòrùn má baà tètè bà á jẹ́.

Kí o tó ná kọ́bọ̀ rárá, mọ irú páìpù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Èkíní jẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ eérú, ó le, kò ṣe é tẹ̀, gígùn gbọọrọ ni wọ́n ń tà á. Gọ́ọ̀mù ni a fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èkejì dúdú, ó ṣe é tẹ̀, wọ́n sì máa ń ká a bí okùn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Èkejì yìí ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, gọ́ọ̀mù kò sì mú un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi odindi agolo gọ́ọ̀mù ṣòfò lórí rẹ̀. Ìdí ni pé gọ́ọ̀mù páìpù funfun kì í ṣe àtè lásán. Ńṣe ni ó ń yọ́ ojú páìpù náà díẹ̀, tí ojú méjèèjì yóò sì di ọ̀kan nígbà tí ó bá gbẹ. Kò lè yọ́ ojú rọ́bà dúdú. Bí ó bá gbẹ tán, èékánná lásán ni o ó fi ṣí i kúrò bí èépá. Bí o kò bá sì dá èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ mọ̀, nítorí àwọ̀ lè tan ènìyàn jẹ, gé díẹ̀ níbẹ̀ kí o jù ú sínú omi, kí o fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀. Páìpù onígọ́ọ̀mù yóò rì. Rọ́bà dúdú yìí yóò léfòó, nítorí ó fúyẹ́ ju omi lọ. N kò mọ ìdánwò tí ó rọrùn ju èyí lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ kí a tó wọ inú iṣẹ́. Ní ilé kan tí mo gbé nígbà kan ní Ìbàdàn, inú gọ́tà ni páìpù tí ó ń gbé omi wọlé láti ojú títì gbà kọjá. Oríkèé kan sì wà nínú gọ́tà náà gan-an. Ẹni tí ó ṣe é ti ẹnu páìpù kan bọ inú èkejì, ó sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e yíká bí ìgbà tí a bá ń di egbò. Ní ọjọ́ tí omi bá dé, oríkèé náà a máa fọ́n omi sókè wínníwínní, àwọn ọmọdé a sì máa fi ṣeré. Kò sí ẹni tí ó kà á sí. Ohun tí a rò ni pé omi tí ó ń jáde kò ní jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé. Òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń fi agbára sáré nínú páìpù. Ṣùgbọ́n omi kì í dé lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n bá sé e, èyí tí ó kù nínú páìpù yóò máa ṣàn lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, yóò sì máa fa ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́nu ihò tẹ̀ lé ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń fi ẹnu fa ohun mímu nínú ìgò. Bí aládùúgbò kan bá tún wá gbé ẹ̀rọ ìfami lé orí páìpù tirẹ̀, fífà náà yóò le sí i. Ihò kan náà tí ó ń tú omi síta lọ́sàn-án ni ó ń mu omi gọ́tà lóru.

Ọmọ méjì nínú ilé náà ni ibà táífọ́ọ̀dì dá dùbúlẹ̀ láàárín oṣù kan. Dókítà kò sọ fún wa pé oríkèé náà ni ó fà á. Ibi tí omi tí a ń mu ti ń wá ni ó bi wá léèrè. Nígbà tí a délé, a lọ wo gọ́tà. Ìgbẹ́ ènìyàn ni kòkòrò ibà táífọ́ọ̀dì àti ti àrùn onígbáméjì ti ń wá, omi sì ni wọ́n sábà máa ń bá dé ẹnu ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ náà gbádùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n ó kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: ayùn tí a fi ń gé irin, ọ̀bẹ kékeré tí ó mú, sáńpépà, báírò, ọṣẹ díẹ̀, abọ́ omi gbígbóná, sikurudíráfà, àti ohun ìsopọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wọn páìpù dúdú tí wọ́n kọ mìlímítà sí lára, kì í ṣe inú. Èyí tí wọ́n kọ 20 sí ni ó ń bá ẹ̀rọ omi ìdajì ínṣì lọ, 25 ń bá ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì lọ, 32 sì ń bá ti ínṣì kan lọ. Kí o má baà sọ̀rọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rù, gé ẹyọ kékeré lára páìpù rẹ dání lọ sí ọjà, kí o sì dán ohun ìsopọ̀ náà wò níbẹ̀ kí o tó sanwó.

Nígbà tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, sé omi láti orísun rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o ṣí ẹ̀rọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá títí omi inú páìpù yóò fi dà tán. Ibi tí páìpù bá ti tutù, tí yanrìn sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, fi àkísà nù ún títí dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì sẹ́yìn ibi tí o fẹ́ gé.

Gígé ni ìdajì iṣẹ́. Ojú tí o gé gbọ́dọ̀ dọ́gba yíká. Bí ó bá dàgẹ̀rẹ̀, apá kan yóò wọlé dé ibi tí ó yẹ, apá kejì kò ní dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni omi yóò sì gbà jáde. Ọgbọ́n tí mo ń lò ni pé mo máa ń wé abala ìwé kan mọ́ páìpù, n ó sì mú kí etí ìwé náà pàdé ara rẹ̀ dọ́gba, n ó wá fi báírò fa ìlà yíká etí náà. Ìlà yìí ni ayùn yóò tẹ̀ lé. Fa ayùn jẹ́jẹ́, má ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́, nítorí rọ́bà máa ń sá fún ayùn. Bí o bá gé e tán, fi ọ̀bẹ fá ìyẹ́ tí ó bá wà lẹ́nu rẹ̀ nínú àti lóde, kí o sì gbọn iyẹ̀ ayùn kúrò nínú páìpù. Ẹni tí kò bá gbọ̀n ọ́n yóò rí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, níbi tí ó ti dí ọ̀nà omi.

Ọ̀nà méjì tí ó dára ni ó wà láti so páìpù náà. Ti àkọ́kọ́ ni ti ọ̀pá ìkìbọ̀. Ọ̀pá kúkúrú ni, ó lè jẹ́ irin tàbí rọ́bà líle, ihò wà nínú rẹ̀ láti orí dé ìdí, ara rẹ̀ sì ní eyín-eyín tí gbogbo rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan. Eyín wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí ó rọrùn láti wọlé, kí ó sì nira láti jáde, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Kọ́kọ́ fi kílíìpù onírin méjì kọ́ ọrùn páìpù. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò tún iṣẹ́ ṣe. Ri ẹnu páìpù bọ inú omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú kan kí ó rọ̀, kí o wá ti ọ̀pá náà wọlé títí gbogbo eyín rẹ̀ yóò fi wọ̀. Lẹ́yìn náà, fa kílíìpù méjèèjì wá sí orí ibi tí eyín wà, kí o kọ orí ìdè ọ̀kan sókè, kí o sì kọ ti èkejì sísàlẹ̀. Kílíìpù kì í fún páìpù dọ́gba lábẹ́ orí ìdè rẹ̀; bí o bá kọ méjèèjì sí ibì kan náà, àlàfo méjèèjì yóò pàdé. Fún wọn nígbà tí rọ́bà ṣì gbóná, kí o sì tún fún wọn nígbà tí ó bá tutù, ṣùgbọ́n má ṣe fún wọn títí irin yóò fi gé rọ́bà. Àbùkù kan ni ọ̀nà yìí ní: inú páìpù ni ọ̀pá ń wọ̀, nítorí náà ó máa ń há ọ̀nà omi. Fún ẹ̀rọ omi kan nínú ilé ìwẹ̀, èyí kò já mọ́ nǹkan. Fún páìpù tí ó ń gbé omi lọ sí gbogbo ilé, n kò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀.

Mo sọ pé omi gbígbóná. N kò sọ pé iná. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn ènìyàn tan iná sí ẹnu páìpù títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n fi igi fẹ ẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì ti páìpù kejì bọ inú rẹ̀ láìlo ohun ìsopọ̀ kankan. Lójú, ó máa ń rí bí iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iná sì ti jó o níbì kan ju ibòmíràn lọ. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ohun tí ó di í mú ju pé ó fún mọ́ ara rẹ̀ lọ, fífún náà yóò sì máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Irú oríkèé bẹ́ẹ̀ ni ti inú gọ́tà wa.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga díẹ̀. Ohun ìsopọ̀ onínọ́ọ̀tì ni. Ẹ̀yìn páìpù ni ó ti ń dì í mú, nítorí náà kì í há ọ̀nà omi. Bí o bá tú ọ̀kan, ohun mẹ́rin ni o ó bá lẹ́nu rẹ̀: nọ́ọ̀tì ńlá tí a ń fi ọwọ́ lọ́, òrùka funfun tí ó là níbì kan tí ó sì ní eyín nínú, òrùka kejì tí ó dán, àti òrùka rọ́bà dúdú tí ó rọ̀. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn láti ẹ̀yìn wá sí iwájú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni o sì gbọ́dọ̀ tò wọ́n padà. Iṣẹ́ òrùka rọ́bà ni láti dí omi. Iṣẹ́ òrùka onílà ni láti di páìpù mú. Bí nọ́ọ̀tì bá ti ń wọlé ni ó ń fún òrùka onílà pọ̀, tí eyín rẹ̀ sì ń bu páìpù jẹ. Bí omi bá sì ń fẹ́ ti páìpù jáde, ńṣe ni ó ń fa òrùka náà wọ inú ibi tí nọ́ọ̀tì ti fún, èyí tí yóò mú kí ó tún di páìpù mú sí i.

Láti lò ó, fi sáńpépà ra etí páìpù lóde títí yóò fi rí bí ẹnu pẹ́ńsù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, kí ó má baà ya òrùka rọ́bà. Wọn ìjìn inú ohun ìsopọ̀ náà, kí o sì fi báírò sàmì sí ara páìpù níbi tí ó yẹ kí ó wọlé dé. Fi omi ọṣẹ pa ẹnu páìpù. Má ṣe lo gírísì tàbí epo ọkọ̀, nítorí omi tí a ń mu ni yóò gba ibẹ̀. Dẹ nọ́ọ̀tì, kí o sì ti páìpù wọlé. Yóò kọ́kọ́ dúró níbi òrùka rọ́bà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé ó ti wọlé tán. Kò tíì wọlé. Tún tì í, kí o máa yí i díẹ̀díẹ̀, títí àmì báírò rẹ yóò fi dé ẹnu nọ́ọ̀tì. Fi ọwọ́ lọ́ nọ́ọ̀tì náà títí ọwọ́ kò fi ní ká a mọ́, kí o wá fi sípánà fi kún un díẹ̀. Agbára tí ó bá pọ̀ jù a máa la nọ́ọ̀tì.

Níbi tí páìpù rọ́bà bá ti pàdé irin, bí i ìdí ẹ̀rọ omi, ojú onílà tí a ń lọ́ ni yóò wà níbẹ̀. Wé tépù funfun mọ́ ojú náà ní ìlọ́po mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọ̀nà tí a ń gbà lọ́ ọ wọlé. Bí o bá wé e sí òdì, tépù yóò máa tú bí o ti ń lọ́ ọ.

Wàyí o, má tíì bo ilẹ̀. Ṣí omi díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ rí àyè jáde, kí o wá ṣí i tán. Omi tí ó ga ní mítà 10 ń ti gbogbo sẹ̀ntímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwúwo kílò 1, tọ̀sán-tòru, kì í sì í sinmi. Fi ìwé gbígbẹ nu oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé bá tutù, ó ń jò, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí o tún fi ìwé nù ún ní òwúrọ̀. Má ṣe sọ pé ó kéré. Ká ní ohun tí ó ń jò kún ife ìdá mẹ́rin lítà láàárín ìṣẹ́jú 10: lítà kan àti ààbọ̀ ni yóò jẹ́ ní wákàtí kan, lítà 36 ni yóò sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ó ti kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, lítà 11 sì ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá ń fi orí pọnmi yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Nígbà tí o bá ń tẹ́ páìpù sínú ilẹ̀, má ṣe fà á le bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Rọ́bà máa ń gùn sí i nínú ooru, a sì máa súnkì nínú òtútù. Páìpù mítà 20 lè fi sẹ̀ntímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gùn sí i láti òru ọ̀gìnnìtìn dé ọ̀sán gangan bí ó bá wà níta. Bí o bá fà á le, oríkèé ni yóò máa gba ìyà náà. Jẹ́ kí ó lọ́ díẹ̀ bí ejò. Má sì ṣe ká a kọ́rọ́ ní igun ilé. Bí ó bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ti di àléébù rẹ̀ títí láé. Da omi àkọ́kọ́ tí ó bá dé ẹnu ẹ̀rọ nù, má ṣe mu ún.

Bí gọ́tà bá wà lójú ọ̀nà, tí kò sì sí ibòmíràn tí páìpù lè gbà, jẹ́ kí páìpù kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé ré gọ́tà náà kọjá láti etí kan dé etí kejì, kí o ki òun fúnra rẹ̀ bọ inú páìpù mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ, kí oríkèé tí ó bá sún mọ́ ọn jù sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí ojú ti lè tó o. Bí a ṣe tún ti ilé Ìbàdàn náà ṣe nìyẹn, ó sì gbà wá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan péré.